Mo Fọwọ́ Ara Mi Wọ̀n Ọ́n, Duke Ló Tẹ̀wọ̀n Jù

Ní alẹ́ ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 2025, ní àṣekágbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, Florida ní 65, Houston tiwa ní 63, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló kù, bọ́ọ̀lù sì wà lọ́wọ́ wa. Emanuel Sharp fò sókè láti jù ú sáwọ̀n. Walter Clayton ti Florida já sí iwájú rẹ̀ bí ẹni tó ń lé olè, ọmọ wa sì rí i lókè níbẹ̀ pé tí òun bá ju bọ́ọ̀lù yìí, wọ́n á gbá a padà. Ló bá jọ̀wọ́ ẹ̀ sílẹ̀. Bọ́ọ̀lù ń ta nílẹ̀, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, torí bó bá kàn án pẹ́nrẹ́n, rẹfirí á fọn fèrè sí i. Àwa tá a wà ní pálọ̀ ń pariwo pé "Gbé e! Gbé e!" bí ẹni tí ò mọ òfin. Ọmọ Florida kan da ara rẹ̀ lé e lórí. Ó parí.

Mi ò tíì rí rìmóòtù mú tí fóònù mi fi dún. Àbúrò mi ni, tó ń gbé ní Hartford, ní ìpínlẹ̀ Connecticut: "Bọ̀dá mi, ẹ kú àṣẹ̀yìndè o. Ọlọ́run á dá yín sí fún àwọn tó kù."

Ọmọ tí mo pọ̀n kiri Mushin nígbà tí màmá wa bá wà lọ́jà ló ń kí mi bẹ́ẹ̀.

Tiẹ̀ rọrùn. UConn, ìyẹn Yunifásítì Connecticut, ló ń tẹ̀lé. Láti ọdún 1999 tí wọ́n ti kọ́kọ́ gba ife bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n àwọn yunifásítì, títí di 2025, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni wọ́n dé àṣekágbá, ẹ̀ẹ̀mẹfà náà ni wọ́n sì gbé e lọ sílé: 1999, 2004, 2011, 2014, 2023, 2024. Títí di ìgbà yẹn, wọn ò pàdánù àṣekágbá rí. Houston tèmi ti dé Final Four, ìyẹn ìpele ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn, ní ẹ̀ẹ̀meje, kò gba ọ̀kankan. Kò sí ẹgbẹ́ mìíràn ní gbogbo Amẹ́ríkà tó ti débẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ láìgba ife. Ipò kìíní nìyẹn náà, àbí?

Ohun tó burú jù ni pé ìlú mi gan-an ni UConn ti máa ń wá ṣe é. Ní 2011, Houston níbí ni wọ́n ti lu Butler 53 sí 41, bọ́ọ̀lù tó burú tó fi jẹ́ pé àwọn tó san owó tíkẹ́ẹ̀tì ló yẹ ká kí kú àṣẹ̀yìndè. Ní 2023, Final Four tún padà sí NRG Stadium. Ọdún yẹn, ẹgbẹ́ wa wà lára àwọn mẹ́rin tí wọ́n gbé sí ipò kìíní kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa sì ti ń sọ ọ́ pé ilé la ó ti gba ife wa. Miami lé wa jáde ní Kansas City kí ọ̀rọ̀ tó délé. Àbúrò mi wọ bàálù wá, ó sun yàrá àlejò mi, ó jẹ iyán mi pẹ̀lú ẹ̀fọ́ rírò, ó lọ wo UConn tó na San Diego State 76 sí 59, ó padà wálé ní agogo méjìlá òru, ó sì bi ìyàwó mi bóyá iyán ṣì kù. Ó ní NRG Stadium ti di oko bàbá òun.

Lẹ́yìn ti Florida yìí, a jà lórí fóònù nípa yunifásítì tó ga jù lọ nínú eré yìí. Mo ní UConn ò tó North Carolina, ó ní inú ló ń bí mi. "Bọ̀dá, ẹ ò lè fi ìbínú to ẹgbẹ́ sípò. Ẹ gbé bírò, ẹ ṣírò ẹ̀." Mo ní kò burú.

Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, ní ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Houston. Láàárín agogo kan sí mẹ́rin òru, bí kò bá sí ẹni tó tẹ aago, ilé a dákẹ́ pátápátá. Mo mú ìwé àjákọ ọmọbìnrin mi tó ti pa tì, èyí tó ya òdòdó sí ẹ̀yìn rẹ̀, mo fi rúlà fa ìlà, mo bẹ̀rẹ̀. Bàbá kan wà ní ọ̀kan nínú àwọn yàrá tí mò ń bójú tó, aláwọ̀ dúdú ọmọ Texas, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọn kì í tètè sùn. Àwọn ni mo máa ń ka iṣẹ́ mi fún.

Bàbá yìí wà ní Astrodome ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 1968. Ẹni tó bá mọ básíkẹ́ẹ̀tì mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Wọ́n kó pákó tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lé lórí wá láti Los Angeles, wọ́n tẹ́ ẹ sí àárín pápá ńlá tí wọ́n kọ́ fún beesibọ́ọ̀lù, ènìyàn 52,693 sì jókòó yí i ká. Bàbá ní láti ibi táwọn jókòó sí, àwọn agbábọ́ọ̀lù dà bí èèrà tó ń gbé ìrẹsì. UCLA, ìyẹn yunifásítì kan ní Los Angeles, wá pẹ̀lú Lew Alcindor, ẹni tá a wá mọ̀ sí Kareem Abdul-Jabbar. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tàdínláàádọ́ta léraléra ni wọ́n ti borí, kò sẹ́ni tó lè nà wọ́n. Elvin Hayes ti Houston dá 39 jù sáwọ̀n, òun náà ló ju méjì tó kẹ́yìn: 71 sí 69. Gbogbo Amẹ́ríkà wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìdíje ife rárá.

Bàbá ti sọ ìtàn oṣù kìíní yẹn fún mi tó ìgbà ogún. Wọn ò sọ ti oṣù kẹta rí. Èmi ni mo lọ kà á fúnra mi: Final Four ọdún náà, UCLA 101, Houston 69. Mi ò jẹ́ dá a lẹ́nu wò níwájú wọn.

Bí mo ṣe ṣe ìṣirò mi rèé. Ẹgbẹ́ tó gba ife, máàkì mẹ́wàá. Èyí tó dé àṣekágbá tó pàdánù, márùn-ún. Èyí tó dé Final Four tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kọjá ibẹ̀, méjì. Ohun tó bá ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú 1985, mo gé e sí ìdajì. Ohun tí NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì, bá sì ti wọ́gi lé, èmi náà wọ́gi lé e, ni UCLA ṣe pàdánù ti 1980, tí Kansas sì pàdánù ti 2018.

Àbúrò mi kò jiyàn sí gígé yẹn, torí ó ṣe é láǹfààní. Àmọ́ mo ní ìdí. 1985 ni wọ́n sọ ìdíje náà di ti ẹgbẹ́ 64. Ní 2011 wọ́n sọ ọ́ di 68, ẹni tó bá máa gba ife gbọ́dọ̀ borí lẹ́ẹ̀mẹfà léraléra, bó bá kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó di ilé. Nígbà tí kóòṣì John Wooden ń kó ife jọ ní UCLA, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ni wọ́n sábà máa ń gbá a. Títí di 1975, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni líìgì kọ̀ọ̀kan lè mú wá, tó fi jẹ́ pé ẹgbẹ́ tó le gan-an lè ṣe ipò kejì nílé kó sì jókòó wo ìdíje lórí tẹlifíṣọ̀n. Mi ò sọ pé Wooden ò ṣe gudugudu méje. Ife mẹ́wàá láàárín ọdún méjìlá, méje nínú rẹ̀ léraléra láti 1967 dé 1973, àti eré 88 léraléra tí wọn ò pàdánù ọ̀kankan! Ìdajì rẹ̀ náà ṣì pọ̀. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá nígbà yẹn àti èyí tí ọmọ Sharp jọ̀wọ́ ẹ̀ sílẹ̀ yẹn, ọ̀nà wọn jìn síra.

Mo ṣe é fún alẹ́ mẹ́rin. Nígbà tí mo ro gbogbo ẹ̀ pọ̀: Duke 87. North Carolina 85. Kentucky 78. UCLA 74. Kansas 65 àbọ̀. UConn 62.

Mo tún un rò. Duke 87.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ràn Duke. Kò sẹ́ni tó ń gbé ilé mi tó fẹ́ràn Duke. Ní ọdún 2024, àwọn ni wọ́n lé wa jáde, 54 sí 51, lọ́jọ́ tí ẹsẹ̀ Jamal Shead ọmọ wa yẹ̀ tí kò lè padà wọlé mọ́. Èmi tí mo fọwọ́ ara mi gbẹ́ òṣùwọ̀n, òṣùwọ̀n wá gbé ọ̀tá mi sókè. Mo ronú láti sọ Final Four di máàkì kan dípò méjì, bóyá North Carolina á bọ́ síwájú. Mo tún un ṣe, kò yí padà: Duke ṣì wà lókè. Mo tiẹ̀ ti ìwé náà sí abẹ́ àga, mo lọ po tíì.

Ibi tíì yẹn ni ọ̀rọ̀ ti yé mi pé ohun kan kù tí mi ò kà. Nílé wa, bá a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilé kan lágbára, a kì í ka iye ọdún tí baálé fi jayé nìkan. A máa ń wò ó lọ́jọ́ tí baálé kú, bóyá ilé dahoro. Ife márààrún tí Duke ní, kóòṣì Mike Krzyzewski ló gba gbogbo ẹ̀, láti 1991 dé 2015. Ọdún 42 ló fi wà níbẹ̀. Ó lọ ní 2022, Jon Scheyer tó jẹ́ ọmọ ọwọ́ rẹ̀ gba ipò, ó sì ń ṣe dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n títí di 2025, kò tíì gba ọ̀kan.

Ni mo bá fa ìlà tuntun: kóòṣì mélòó ló ti gba ife fún ilé yìí?

Kentucky, márùn-ún. Adolph Rupp, Joe B. Hall, Rick Pitino, Tubby Smith, John Calipari. Kò sí ilé mìíràn tó ní tó bẹ́ẹ̀. North Carolina, mẹ́ta. Kansas, mẹ́ta. UConn, mẹ́ta: Jim Calhoun, Kevin Ollie, Dan Hurley. UCLA, méjì, Wooden àti Jim Harrick ní 1995, òun nìkan ló sì ti gba ọ̀kan níbẹ̀ láti ìgbà tí Wooden ti fẹ̀yìn tì ní 1975. Duke, ẹyọ kan.

Mo ka èyí fún Bàbá. Mo ní Kentucky ló yẹ kó gba ipò kìíní nìyẹn. Bàbá gbé orí sókè lórí ìrọ̀rí.

Wọ́n ní ṣé mo mọ̀ pé mẹ́rin nínú ife mẹ́jọ tí Kentucky ní, Rupp ló gbà á, láti 1948 dé 1958, kò sì sí ọmọ aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo nínú ẹgbẹ́ rẹ̀? Wọ́n ní ṣé mo mọ ẹni tó na Rupp ní àṣekágbá 1966? Mo mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mo jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́. Texas Western, láti El Paso, níbí ní Texas. Márààrún tí kóòṣì wọn, Don Haskins, fi bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, aláwọ̀ dúdú ni gbogbo wọn. 72 sí 65. Bàbá ní báwo lẹ ṣe ń fi máàkì fún ẹni tó ti ilẹ̀kùn kó tó bẹ̀rẹ̀ eré ìje?

Mi ò rí èsì fún wọn. Mo ti gé ife àtijọ́ sí ìdajì torí iye ẹgbẹ́, kò wá sọ́kàn mi láti béèrè ta ni wọn ò jẹ́ kó wọlé rárá. Houston pàápàá, 1964 ni kóòṣì Guy Lewis tó mú Elvin Hayes àti Don Chaney wọlé, àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbá básíkẹ́ẹ̀tì fún ilé ìwé náà. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́yìn ìyẹn ni Astrodome.

Kí n wá sọ ti ọmọ wa. Hakeem Ọlájùwọ́n dé Houston láti Èkó ní 1980. Handball ló ń gbá nílé, ó sì máa ń ṣọ́lé fún àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Básíkẹ́ẹ̀tì ò tíì tó ọdún mélòó kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹni tó ń ṣọ́lé yẹn la wá rí nígbà tó yá tí gbogbo ayé ń pè é ní Àlá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló fi gbá a fún Houston, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n dé Final Four. 1982, North Carolina lé wọn padà. 1983, gbogbo ayé ti gbé ife fún wọn kí wọ́n tó gbá a. Ó di 52 sí 52 pẹ̀lú North Carolina State, ẹnì kan ju bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn, kò dé ibi àwọ̀n, Lorenzo Charles mú un lójú òfuurufú, ó sì rì í bọ inú àwọ̀n. 54 sí 52. Hakeem ni wọ́n sì fún ní àmì ẹ̀yẹ ẹni tó tayọ jù ní Final Four yẹn. Kò tún sí ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù tí wọ́n fún láti ìgbà náà. 1984, Patrick Ewing àti Georgetown nà wọ́n, 84 sí 75.

Lẹ́yìn ìyẹn, ilé dahoro. Houston kò borí ẹgbẹ́ kankan mọ́ nínú ìdíje NCAA títí di 2018. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n! Nígbà tí mo dé ìlú yìí, bí o bá sọ pé Yunifásítì Houston ni ò ń tẹ̀lé, wọ́n á wò ọ́ bí ẹni tó ní òun ń gbé ní ilé tí kò ní òrùlé. Kóòṣì Kelvin Sampson ló dé ní 2014 tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ́. Láti 2019 títí di 2025, kò sí ìdíje tí wọ́n ṣe tá ò dé ìpele ẹgbẹ́ 16. Máàkì wa nínú ìwé mi jẹ́ 15. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò fi ọ̀kan kún un.

Ti lọ́ọ́lọ́ọ́ yìí ò gba wàhálà púpọ̀. Nínú ìdíje mẹ́wàá láti 2015 dé 2025 (Covid pa ti 2020 rẹ́), UConn gba méjì, Villanova gba méjì, àwọn yòókù gba ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kóòṣì Jay Wright fi Villanova sílẹ̀ ní 2022, wọn ò sì padà sínú ìdíje náà títí 2025 fi parí. Baálé kú, ilé dahoro. Eré méjìlá tí UConn gbá nínú ìdíje 2023 àti 2024, kò sí èyí tí ẹnikẹ́ni sún mọ́ wọn débi àmì mẹ́wàá. Ìyẹn ò ní àríyànjiyàn. Gonzaga náà yẹ fún ìdúró díẹ̀: ìdíje mẹ́sàn-án léraléra tí wọ́n dé ìpele 16, àṣekágbá méjì, ife òdo. Àwa la fòpin sí i ní 2025, 81 sí 76. Mo mọ bó ṣe ń rí lára, mi ò sì káàánú wọn.

Àbúrò mi fẹ́ kí n ka ti àwọn obìnrin mọ́ ọn. Ó gbọ́n. Ife méjìlá ni àwọn obìnrin UConn ní, kóòṣì Geno Auriemma ló gba gbogbo ẹ̀. Mo ní tó bá dé ibẹ̀, ká wá sọ̀rọ̀ Aríkẹ́ Ògúnbọ̀wálé. Ní 2018, Aríkẹ́ fi bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn lé UConn jáde, 91 sí 89, lẹ́yìn àfikún àsìkò. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, ó tún ju òmíràn láti kọ̀rọ̀ tó gba ife fún Notre Dame, 61 sí 58. Àbúrò mi dákẹ́ lórí fóònù. Ó ní ọjọ́ yẹn, òun ò mọ̀ bóyá kí òun sunkún ni àbí kí òun ki oríkì.

Ibi tí mo fi sí nìyí o, ẹni tí kò bá dùn mọ́ nínú kó ra ìwé àjákọ tirẹ̀. North Carolina lókè. Wọ́n ní máàkì 85, kóòṣì mẹ́ta, ife láti 1957 tí wọ́n ti na Kansas ti Wilt Chamberlain pẹ̀lú àmì kan lẹ́yìn àfikún àsìkò mẹ́ta, títí dé 2017. Roy Williams fẹ̀yìn tì ní 2021, ọdún tó tẹ̀lé e ni Hubert Davis gbé wọn dé àṣekágbá. UConn kejì, torí ohun tí wọ́n kó jọ ní ọdún 25 yìí, ọ̀pọ̀ ilé ò kó o jọ ní ọgọ́rin. Kentucky kẹta, Bàbá ò fọwọ́ sí i. Duke kẹrin. Kansas, níbi tí James Naismith tó dá eré yìí sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ti ṣe kóòṣì, tó sì jẹ́ òun nìkan ni kóòṣì wọn tí ìpàdánù rẹ̀ ju ìborí lọ, karùn-ún. UCLA kẹfà. Indiana tí kò pàdánù rárá ní 1976, 32 sí òdo, ì bá wà níbí, ṣùgbọ́n 1987 ni wọ́n gba ife kẹ́yìn.

Àbúrò mi ní ipò kejì kò tẹ́ òun lọ́rùn, àmọ́ òun á gbà á pẹ̀lú iyán.

Ní alẹ́ àná, mo ka ìwé náà fún Bàbá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Duke kẹrin. Kí ni ìṣirò rẹ sọ, ọmọ mi?" Mo ní ìṣirò mú Duke sí ipò kìíní. Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, "Ní San Antonio, lóṣù kẹrin, nígbà tí wọ́n fi mẹ́fà ṣíwájú wa tó ku ìṣẹ́jú àáyá 35, àmì mélòó la fi nà wọ́n?"

Mo ní mẹ́ta.

Bàbá ní kí n bá àwọn pa iná.